Ìkookò Mẹ́fà tí Obadiah Bí Nínú Yàrá Òkùnkùn

Ẹ̀yin ará mi, ká ní ẹ dé Niger Street ní Sabon Gari Kano ní ọdún 1978, tí ẹ sì rí Obadiah tí ó panu mọ́, ẹ má ṣe páyà. Kò sí ohun tó ṣe é. Fọ́tò ló ń yà lọ́wọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kúrò lórí kámẹ́rà báyìí, ẹnu gba iṣẹ́ nìyẹn. Ọkùnrin náà kì í jalè, kì í mutí, kì í na ìyàwó. Ẹnu nìkan ni wàhálà rẹ̀. Ẹnu ọ̀hún tóbi débi pé ó yẹ kí onílé máa gba owó yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Yàrá kan péré ni ṣítúdíò rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ sí ara pátákó rẹ̀ ni OBADIAH GBOGBO-AYÉ FỌ́TÒ. Aṣọ ńlá kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kun ọkọ̀ òfúrufú sí. Bí ẹ bá jókòó síwájú aṣọ náà, ẹ ó dà bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Brigade, àdúgbò tí kò jìnnà síbẹ̀, lẹ ti ń bọ̀. Ìyàwó tuntun, ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sàmì fún, akọ̀wé tí ó nílò fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, gbogbo wọn ló ń gba ọwọ́ Obadiah kọjá.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn, ó mọṣẹ́. Bí àpá bá wà lójú yín, yóò fi pẹ́ńsùlù ṣóńṣó pa á rẹ́ lára fíìmù. Bí eyín yín kan bá ti yọ, yóò fi òmíràn síbẹ̀. Bí ètè yín bá gbẹ, yóò fi òwú tẹ aró pupa, yóò rọra kùn ún. Èyí tí ó wá mọ̀ jù ni ti ìbejì. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá padà sọ́run, tí àwọn òbí kò sì ní fọ́tò àwọn méjèèjì, wọn a gbé èyí tí ó kù wá. Obadiah a tẹ ọmọ kan náà sórí bébà lẹ́ẹ̀mejì, àwọn méjèèjì a sì jókòó ti ara wọn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti dì mọ́ ọn lọ́rùn tí wọ́n sunkún nítorí iṣẹ́ yìí.

Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni! Òyìnbó kan tí ó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ló ń padà sí ìlú rẹ̀, ló bá ta lẹ́ńsì kan fún un, lẹ́ńsì tí ó gùn bí apá ọmọ ọdún méje. Ó ní ẹranko igbó tó wà lókèèrè ni wọ́n ń fi í yà. Láti ọjọ́ náà ni ènìyàn ti sú Obadiah.

"Ènìyàn!" ó ń sọ fún àwọn tí ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù Adédèjì onígbàjámọ̀ ní France Road. "Iṣẹ́ wo ló wà nínú pé kí n ya ènìyàn? Ènìyàn á jókòó, á máa yínmú. Kìnnìún ni kí ẹ fún mi!"

"O ti rí kìnnìún rí?" Adédèjì bi í.

"Èmi? Kìnnìún ni kí o lọ bi bóyá ó ti rí mi rí! Lọ́nà Jos lọ́jọ́sí, èmi àti òun pàdé. Mo wò ó, ó wò mí. Bí ó ṣe ní kí òun bú, mo ní, 'Dúró ná! Irun orí rẹ kò gún.' Ló bá padà sẹ́yìn igi, ó lọ ya irun."

"Kìnnìún lọ yarun?"

"Èékánná ara rẹ̀ ló fi yà á!"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Obadiah sì gba ẹ̀rín náà bí ẹni gba oyè. Ṣùgbọ́n nílé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Wùnmí ìyàwó rẹ̀ kò ní àyè fún kìnnìún.

"Bàbá Bọ́sẹ̀dé," ó ní, "tòlótòló Màmá Rosaline lé yín wọ ilé ìwẹ̀ lánàá, ẹ wà níbẹ̀ títí ọbẹ̀ mi fi jinná."

"Tòlótòló kì í ṣe ẹranko igbó," Obadiah fèsì. "Kò lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹranko igbó máa ń bọ̀wọ̀ fún ni."

Bọ́sẹ̀dé ọmọ wọn, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, ó sì fi Hausa dáhùn bí gbogbo ọmọ tí a bí sí Kano: "Baba yana tsoro!" Ó ní bàbá òun ń bẹ̀rù. Obadiah ní kí ó lọ sùn. Oòrùn ọ̀sán ṣì wà lójú ọ̀run.

Ní àkókò náà ni ọ́fíìsì ìjọba kan tí ó ń tọ́jú ẹranko igbó ń wá ayàwòrán tí yóò máa ya ẹranko fún kàlẹ́ńdà wọn. Obadiah kọ̀wé. Ó kọ ọ́ pé òun ti ya kìnnìún, òun ti ya erin, òun sì ti ya àwọn mìíràn tí wọn kò tíì sọ ní orúkọ. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Lẹ́yìn oṣù kan ni èsì dé: kí ó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kí ó sì mú fọ́tò ńlá kan dání, ti ẹranko igbó tí òun fúnra rẹ̀ yà nínú igbó. Wọ́n fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan: kì í ṣe ti inú ọgbà ẹranko.

Ènìyàn tí orí rẹ̀ pé á panu mọ́ ná. Obadiah kò pa á mọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà ìjẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà wọn, ó jáde síwájú pẹ̀lú sùtánà funfun gbòò, ó ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa! Ìjọba ti fi gbogbo ẹranko ilẹ̀ yìí lé mi lọ́wọ́!"

Halelúyà gba ilé kan. Wòlíì Japhet gbàdúrà fún un títí òógùn fi gba ọrùn rẹ̀. Wọ́n ṣe ìdágbére fún un lọ́sẹ̀ náà gan-an. Màmá Rosaline, ìyá ìjọ, fún un ní bàtà òjò tí yóò fi wọ igbó. Àwọn akọrin dáwó ra àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹnì kan gbé agolo ata gígún wá, ó ní bí kìnnìún bá sún mọ́ ọn jù kí ó fi wọ́n ọn lójú.

Ìyẹn nìkan kọ́ o. Obadiah gbé àkàbà, ó gun òkè pátákó ṣítúdíò rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà: A KÒ YA ÈNÌYÀN MỌ́. Nígbà tí yóò fi di ọ̀la, àwọn oníbàárà ti sọdá sí ọ̀dọ̀ Bartholomew, ayàwòrán tí ó wà ní òdìkejì títì, wọ́n tò síbẹ̀ bí ẹni ń tò fún epo.

Wùnmí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́mọ ọwọ́ pọ̀n, ó ń wo ìlà àwọn ènìyàn náà.

"Bàbá Bọ́sẹ̀dé, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹranko kì í san owó fọ́tò?"

"Ìjọba ló máa san án."

"Bí wọn kò bá gbà yín ńkọ́?"

Obadiah rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wo pátákó rẹ̀ ni. Kò sí oníbàárà mọ́. Ìjọ ti dágbére. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ebi á wọlé láti ẹ̀yìn, ìtìjú á wọlé láti iwájú, àwọn méjèèjì á sì pàdé lórí àga kan ṣoṣo tí ó wà ní pálọ̀. Kò sì tíì ya ẹranko kankan rí láyé rẹ̀, àfi ẹ̀fọn tí ó bà lé iwájú orí ìyàwó kan lọ́jọ́ ìgbéyàwó, èyí tí ó fi pẹ́ńsùlù pa rẹ́.

Ó gbéra lọ́jọ́ Ajé. Ó wọ bàtà òjò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó kọjá Brigade, ó wọ ibi tí àwọn Fúlàní ti ń da màlúù lẹ́bàá omi. Lékeléke wà níbẹ̀ bí ẹni da òwú sílẹ̀. Obadiah gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà kalẹ̀, ó fi aṣọ dúdú borí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ó ṣe máa ń ṣe ní ṣítúdíò.

"Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá òsì, ẹ súnmọ́ra. Ẹ má ṣẹ́jú o!"

Àwọn lékeléke wò ó, wọ́n fò lọ. Fúlàní tí ó ń da màlúù fọwọ́ bonu. Màlúù kan ní tirẹ̀ kò fò. Ó rọra rìn wá, ó ti orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú náà, ó sì lá Obadiah láti àgbọ̀n títí dé iwájú orí.

Ẹ̀yin ará mi, bàtà òjò kì í ṣe bàtà eré. Ọ̀kan kù sínú ẹrẹ̀. Obadiah fi ẹsẹ̀ kan lásán dé títì, ó ń ké "Jésù! Jésù!" Màlúù náà sì ti padà sídìí koríko rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti kígbe àkọ́kọ́. Nígbà tí ó fọ fíìmù náà, fọ́tò méjìlá ló wà níbẹ̀. Mọ́kànlá jẹ́ ti ahọ́n màlúù. Ọ̀kan tó kù jẹ́ ti ẹsẹ̀ Obadiah fúnra rẹ̀ ní òfúrufú.

"Èyí dára," Wùnmí sọ, ó gbé ti ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́. "Ó jọ ẹranko tí wọn kò tíì sọ lórúkọ."

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Obadiah kò lè jẹun. Ó ń rìn lọ ní France Road, ó dorí kodò, ni ó bá gbọ́ àtẹ́wọ́ àti ariwo ọmọdé. Mai Kúrá ni, ọkùnrin Hausa tí ó ń mú ìkookò kiri ìgboro, tí ó ń mú un ṣeré fún ènìyàn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Kano? Ta ni kò mọ ìkookò rẹ̀? Akọ ìkookò ni, Amarya lorúkọ rẹ̀, èyíinì ni Ìyàwó Tuntun. Ẹ má bi mí léèrè, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so ó lọ́rùn, wọ́n fi okùn híhun di ẹnu rẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń fọwọ́ kan ìrù rẹ̀ kí wọ́n tó sá.

Orí Obadiah wú. Ṣebí ìkookò ni ẹranko igbó? Ṣebí igbó nìkan ni kò sí níbí?

Ó fa Mai Kúrá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mallam, jẹ́ ká mú Amarya lọ sínú igbó kí n yà á ní fọ́tò."

"Igbó?" Ẹnu ya Mai Kúrá. Yorùbá rẹ̀ já gaara, Sabon Gari ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ṣùgbọ́n mai hoto ló ń pe ayàwòrán. "Mai hoto, kò mọ igbó o. Ojú títì ló dàgbà sí. Kí ni yóò lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ìwọ ṣáà mú un wá. N óò ya ìwọ àti òun papọ̀, n óò fi férémù sí i, níwájú ọkọ̀ òfúrufú."

Ojú Mai Kúrá tàn. "Kai! Èmi àti Amarya níwájú ọkọ̀ òfúrufú? To! Ó yá."

Wọ́n dá tákísí dúró. Awakọ̀ wo Obadiah, ó wo Mai Kúrá, ó wo ẹni kẹta. Kò bá wọn jà. Ó kàn ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sí apá ibi tí ilé rẹ̀ wà, ó fi tákísí sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn. Àwọn ọmọdé tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe Amarya, Amarya, bí ẹni ń sin ìyàwó lọ ilé ọkọ, títí tí Mai Kúrá fi lé wọn padà.

Wọ́n dé ẹ̀yìn Brigade níbi tí igi dóńgóyárò kan wà láàárín pápá. Obadiah dúró lókèèrè, ìwọ̀n ilé mẹ́rin sí Amarya.

"Tú ẹ̀wọ̀n yẹn," ó pariwo.

"Mai hoto, ẹ̀wọ̀n yìí kì í ṣe nítorí Amarya o. Nítorí ẹ̀yin ni. Bí mo bá tú u, ṣé ẹ̀yin lẹ máa dì í mú?"

"Fi sílẹ̀! Fi sílẹ̀ bó ṣe wà! Ní kó ṣáà bínú díẹ̀."

"Ó ti jẹun. Kì í bínú lẹ́yìn oúnjẹ."

Lóòótọ́, Amarya ti dùbúlẹ̀, ó ti fẹ́ sùn. Obadiah rò ó pé ibi gíga ni ènìyàn ti ń ya ẹranko dáadáa. Ó gun igi náà. Ẹnu rẹ̀ ní nítorí fọ́tò ni. Bí ó ṣe ń gùn ún ni ìka rẹ̀ ń tẹ kámẹ́rà lódìlódì, ó ya ewé, ó ya ọ̀run, ó ya èèrà. Nígbà tí ó fi máa jókòó dáadáa, ó ku fọ́tò kan ṣoṣo nínú fíìmù. Amarya sì ń hanrun.

Kí ni Obadiah ṣe? Ó pàtẹ́wọ́ kí ó lè jí.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé àtẹ́wọ́ ni Mai Kúrá fi kọ́ ọ níṣẹ́. Bí ó bá ti gbọ́ àtẹ́wọ́, ó mọ̀ pé eré ti yá, ẹni tí ó pàtẹ́wọ́ ni ó sì ń lọ kí. Amarya dìde gìrì. Ó já ẹ̀wọ̀n gbà lọ́wọ́ Mai Kúrá, ó sáré wá sídìí igi, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì iwájú lé e, ó wo Obadiah pẹ̀lú ojú àánú. Nígbà tí Obadiah kò sọ̀kalẹ̀, ó rọra yípo, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn sókè, ó sì tọ̀ sí ìdí igi náà.

Mai Kúrá sáré dé ìdí igi. Ìka Obadiah ti tẹ kámẹ́rà kí ó tó mọ̀. Kámẹ́rà dún: káà! Fọ́tò tó kẹ́yìn nìyẹn.

"Ẹ máa sọ̀kalẹ̀!" Mai Kúrá ń pè é, ó ti mú ẹ̀wọ̀n.

"Ó ti lọ?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Mú un lọ sí òdìkejì títì."

"Mo ti mú un débẹ̀."

"Mú un lọ sí Kaduna!"

Ní ọjọ́ kejì, Obadiah wọ yàrá òkùnkùn rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Fọ́tò náà mọ́lẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n wà lọ́rùn ẹranko, okùn wà lẹ́nu rẹ̀. Èyí kò ṣòro fún ọkùnrin tí ó ti pa ẹ̀fọn rẹ́ níwájú orí ìyàwó. Ó fi abẹ ha ẹ̀wọ̀n kúrò. Ó fi pẹ́ńsùlù pa okùn rẹ́. Ó wá ku ẹnu. Obadiah kò tíì rí inú ẹnu ìkookò rí, kò sì fẹ́ rí i. Eyín tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe ni ó ṣe síbẹ̀: funfun, ó tò rẹ́gírẹ́gí. Nígbà tí ó wò ó, ó rí i pé ẹwà rẹ̀ kò tíì pé. Ó fi èjí sí i láàárín.

Ìkookò kan ṣoṣo wá dá dúró. Ó dà bí ọmọ òrukàn. Obadiah rò ó: ta ni yóò gba ayàwòrán tí ó rí ẹyọ kan? Ó rántí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó mú bébà ńlá, ó fi páálí bo apá kan, ó tẹ Amarya. Ó sún páálí, ó tún tẹ Amarya. Ṣebí ìbejì nìyẹn? Ó tún tẹ ẹ̀ta òkò. Nígbà tí ó fi máa sinmi, ó ti bí ìkookò mẹ́fà lórí bébà kan ṣoṣo, oríkèé kò sì ro ó.

Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó mú òwú àti aró, ó kun koríko ní àwọ̀ ewé, ó kun ọ̀run ní búlúù. Kí ó tó mọ ohun tí ó ń ṣe, ó ti kun ètè gbogbo wọn ní pupa.

Ọjọ́bọ̀ dé. Obadiah rò pé òun nìkan ni yóò lọ, àfi bí ó ṣe jáde tí ó bá gbogbo ìjọ níwájú ilé, pẹ̀lú sùtánà funfun, nínú lọ́rì tí wọ́n ti háyà. Wòlíì Japhet jókòó níwájú. Wùnmí wà láàárín àwọn obìnrin, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, kò bá wọn kọrin. Wọ́n kọrin dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà, wọ́n sì dúró sí abẹ́ fèrèsé láti máa bá a gbàdúrà.

Ènìyàn méjì ló wà nídìí tábìlì. Ọ̀kan ni Dókítà Olúfúnlọ́lá, obìnrin tí ó kàwé nípa ẹranko títí dé òkè òkun. Ìkejì ni Àlàájì kan tí ó jẹ́ ọ̀gá gbogbo ẹ̀ṣọ́ igbó, tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún láàárín ẹranko. Obadiah tẹ́ fọ́tò náà síwájú wọn, ó sì fà sẹ́yìn bí ẹni tí ó gbé oúnjẹ fún ọba.

Wọ́n wò ó. Wọ́n tún wò ó.

"Ìkookò mélòó nìyí?" Dókítà bi í.

"Mẹ́fà, Mà. Àwọn yòókù kò ráyè."

"Báwo ni o ṣe jìnnà sí wọn tó?"

"Bí èmi àti ẹ̀yin yìí, Mà."

"Wọn kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan?"

"Mo bá wọn wí ni."

Àlàájì wọ gíláàsì rẹ̀. "Gbogbo wọn ló ń tọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ìṣọ̀kan wà láàárín wọn, sà."

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni gbogbo wọn gbé."

"Òsì kò lọ́wọ̀, sà."

Dókítà fa fọ́tò náà mọ́ra. "Ọdún méjìlá ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko. N kò rí ìkookò tó léjí rí."

"Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, Mà. Ó wà nínú ẹbí wọn."

"Wọ́n sì kun ètè?"

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lẹ́yìn Obadiah. Láti ìsàlẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ohùn Màmá Rosaline: "Olúwa, dí ẹnu àwọn ọ̀tá rẹ̀!" Ẹnu ẹlòmíràn ni ó yẹ kí wọ́n gbàdúrà sí.

"Kí wá nìyí?" Àlàájì na ìka sí igun fọ́tò náà. Obadiah tẹ̀ ba, ó wò ó. Nígbà tí ó ń pa ẹ̀wọ̀n rẹ́, kò wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ Mai Kúrá wà níbẹ̀, láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sísàlẹ̀, nínú sílípà.

"Sílípà ni, sà."

"Sílípà ta ni?"

"Ó dà bíi pé... wọ́n ti jẹ ẹni tí ó ni ín, sà."

"Mo ka mẹ́fà." Àlàájì ń fi ìka kà á. "Wọ́n jẹ ọkùnrin mẹ́fà, ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n ṣẹ́kù lára gbogbo wọn, okùn sílípà gbogbo wọn sì já níbì kan náà?"

Obadiah la ẹnu. Ẹ̀yin ará mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, nǹkan kan kò jáde níbẹ̀.

Ni Àlàájì bá gbá tábìlì. "Wallahi! Amarya ni! Amarya ti France Road! Nígbà tí a sọ ọmọ mi lórúkọ, òun ló wá ṣeré nílé mi! Mẹ́fà! Ó bí Amarya mẹ́fà!"

Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. Dókítà kò lè mú ara dúró mọ́, ó gbé orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì. Obadiah dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Mo bẹ̀ yín, sà. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Tòlótòló gan-an ń lé mi. Ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ sára pátákó pé n kò ya ènìyàn mọ́. Oníbàárà kankan kò yà sọ́dọ̀ mi mọ́. Ìyàwó mi àti ọmọ méjì wà nílẹ̀, gbogbo ìjọ sì wà lábẹ́ fèrèsé yìí. Ẹ bojú wòta, ẹ máa rí wọn."

Dókítà bojú wòta. Sùtánà funfun kún ibẹ̀ bí lékeléke. Nígbà tí ó padà, ó nu omi ojú, ó sì tún gbé fọ́tò náà.

"Ta ló kọ́ ọ ní eyín yìí?"

"Èmi ni mo kọ́ ara mi, Mà."

"Àlàájì, àwọn ẹ̀ṣọ́ yín mélòó ni kò ní káàdì ìdánimọ̀?"

"Méjìléláàádọ́rin. Fọ́tò tí wọ́n mú wá, ẹlòmíràn dijú, ẹlòmíràn dà bí òkú."

"Ọ̀gbẹ́ni Obadiah, iṣẹ́ kàlẹ́ńdà kò sí fún ọ. Ṣùgbọ́n bí o bá lè ya àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí fún káàdì wọn, wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Lọ́dọọdún la ó sì máa pè ọ́."

Obadiah gbé orí sókè láti ilẹ̀. "Nínú igbó, Mà?"

"Nínú ọ́fíìsì yìí."

"Ẹranko kankan kò ní sí níbẹ̀?"

"Àfi ológbò wa."

"Ẹ bá mi so ó mọ́lẹ̀, Mà. Mo gbà."

Bí ó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni ara rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò. Ní àkàsọ̀ àkọ́kọ́, ó nu òógùn. Ní ìkẹwàá, ó ti na ọrùn. Nígbà tí ó fi máa dé ìta, ẹnu ti dé ipò rẹ̀.

"Wọ́n gbà mí!"

Halelúyà! Àwọn akọrin fò sókè. Màmá Rosaline tú gèlè rẹ̀, ó ń jù ú sókè. Wùnmí fọwọ́ lé àyà, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí kò mí láti ọ̀sẹ̀ méjì.

"Mélòó ni wọ́n kó fún ọ, Bùrọ̀dá?" Wòlíì Japhet bi í.

"Méjìléláàádọ́rin!"

"Méjìléláàádọ́rin! Jésù! Akọ ni àbí abo?"

"Akọ ni gbogbo wọn, Wòlíì! Wọ́n tóbi! Ẹlòmíràn nínú wọn ní irùngbọ̀n!"

Bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé e léjìká ni fèrèsé òkè ṣí. Àlàájì yọ orí.

"Mai hoto! Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ o! Àwọn ẹ̀ṣọ́ á ti tò sílẹ̀ fún ọ. Orí sí èjìká nìkan la fẹ́, ti káàdì ni!"

Fèrèsé padé. Orin dá. Gbogbo ìjọ yíjú sí Obadiah, Obadiah sì ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Wòlíì Japhet rọra wúkọ́, ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bùrọ̀dá Obadiah, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń wí yìí, ṣé wọ́n máa ń géni jẹ ni?"

Kí Obadiah tó la ẹnu, Wùnmí ti dá a lóhùn láàárín àwọn obìnrin, ó ń ti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè.

"Wọn kì í géni jẹ, Wòlíì. Ìdí tó fi gbà á nìyẹn."